Ẹrù Tí Yunifásítì Sọ̀ Kalẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọláńrewájú ti ṣèlérí fún ayé pé ọlá ilé òun kò ní dúró lójú kan. Bí ọlá náà bá wá dúró, orúkọ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ di àwàdà lẹ́nu ará àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ìjọba bá dá yunifásítì kan sílẹ̀, tí ó sì fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń wí ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òye àti ìfẹ́ ẹ̀kọ́ lè wọlé, ibi yòówù kí ó máa gbé, iṣẹ́ yòówù kí ó máa ṣe.

Mo fẹ́ gbé orúkọ náà lé orí ìwọ̀n. Iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe oríkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ohun tí a ṣe wé ohun tí a pè é. Ibi tí mo yàn láti dúró sí wò ó ni ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó sí Ayétòrò, títí dé ẹnu ibodè ní Ìdí-Ìrókò àti agbègbè Ìmẹ̀kọ. Bí ilẹ̀kùn kan bá ṣí fún gbogbo ènìyàn lóòótọ́, ará ibodè ni ó yẹ kí ó lè jẹ́rìí sí i. Ará àárín ìlú ńlá kò tó ẹlẹ́rìí, nítorí pé ilẹ̀kùn púpọ̀ ni ó wà nítòsí tirẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé jù ni National Open University of Nigeria, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NOUN. Ìtàn rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó lọ́jú pọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1983, lábẹ́ ìjọba Alhaji Shehu Shagari, ni a fi òfin dá a sílẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fi dá a dúró, ní oṣù Kẹrin ọdún 1984. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ilẹ̀kùn tí a pè ní ṣíṣí fi wà ní títì, kí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jí i dìde ní ọdún 2001. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi. Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé Buhari kan náà, nígbà tí ó padà dé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, ni ó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tí ó mú kí NOUN bá àwọn yunifásítì yòókù dọ́gba. Ọwọ́ tí ń ṣílẹ̀kùn àti ọwọ́ tí ń tì í lè jẹ́ ti ẹnì kan náà. Ẹ̀kọ́ kékeré kọ́ ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń ṣèjọba ní ilẹ̀ wa.

Ìdí tí a fi nílò irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Láti ìgbà tí a ti dá JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978 ni iye àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn yunifásítì ti ń pọ̀ sí i ju iye àyè tí ó wà lọ. Ní ọdún 2024 àti ọdún 2025, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà sún mọ́ mílíọ̀nù méjì lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè rí àyè, bí wọ́n tilẹ̀ yege. Nígbà tí ilé bá há báyìí, ọgbọ́n ni kí a wá bí ẹ̀kọ́ yóò ṣe jáde lọ bá ènìyàn níta.

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kì í sì í ṣe àjèjì láàárín wa. Kí a tó ní yunifásítì kankan ní Nàìjíríà ni àwọn bàbá wa ti ń fi lẹ́tà gba ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń ti ilé ṣe ìdánwò Yunifásítì London. Ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tí ó fi gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní ọdún 1944. Ní Gúúsù Áfíríkà, inú ẹ̀wọ̀n ni Nelson Mandela wà tí ó fi parí ẹ̀kọ́ òfin rẹ̀ lọ́dọ̀ yunifásítì tí a ń pè ní UNISA. Nígbà tí ó yá, Yunifásítì Èkó náà dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1974, National Teachers' Institute ní Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn Awólọ́wọ̀ àti ti Mandela dùn ún sọ, a sì sábà máa ń sọ wọ́n láti fi hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀kọ́ lóòótọ́ kò ní àwáwí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé akọni lè borí ìṣòro, a kì í sì í fi akọni ṣe òṣùwọ̀n ìlú. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò sọ fún ọmọ tálákà pé kí ó lọ ṣe bí òun ti ṣe. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí owó orí àti owó kòkó sì di ilé-ìwé àti owó-oṣù olùkọ́. Ọkùnrin tí ó dá ẹrù rẹ̀ rù mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó, kò sì fẹ́ gbé e lé orí ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí gan-an ni kókó ohun tí mo ní láti sọ. Bí a bá wo ọgbà yunifásítì dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ibi tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nìkan. Iná wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ilé ìkówèésí wà níbẹ̀, àti tábìlì, àti ibùsùn, àti ẹlẹgbẹ́ ẹni tí a lè bi léèrè ní òru ohun tí kò yé wa lọ́sàn-án. Gbogbo ìwọ̀nyí lówó lórí, ìjọba ni ó sì ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà. Nígbà tí a bá wá kéde pé ẹ̀kọ́ ti kúrò ní ọgbà, pé ó ti bá akẹ́kọ̀ọ́ dé inú ilé rẹ̀, a máa ń pàtẹ́wọ́, a sì máa ń gbàgbé láti béèrè ọ̀rọ̀ kan: ta ni ó gbé ẹrù tí yunifásítì sọ̀ kalẹ̀?

Kí ìbéèrè yìí má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Paris, tí wọ́n sì fa ìlà gba àárín ilẹ̀ yìí kọjá. Kétu, Pọ̀bẹ́ àti Ṣàkẹ́tẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaròó, Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà náà kò pín èdè, kò pín ìdílé, kò pín Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n ó pín ilé-ìwé. Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ gíga kò ní ìtumọ̀ mìíràn fún ọmọ ibodè ju kí ó kúrò nílé lọ.

Ìgbà kan sì wà tí ẹ̀kọ́ dìde wá bá a. Ní ọdún 1963, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard, ṣí Comprehensive High School ní Ayétòrò. Ní ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe sílẹ̀ ní Ìlaròó. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí ó ń jẹ́ Olabisi Onabanjo University lónìí, gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wá sí Ayétòrò. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni pé, nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ kan bá ti abúlé wọ Ayétòrò láti kàwé, a kò sọ fún un pé kí ó ru iná wá láti ilé. A kò ní kí ó gbé ilé ìkówèésí wá. Òye rẹ̀ nìkan ni a ní kí ó mú dání.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ẹrù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná ni àkọ́kọ́. Níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró, jẹnẹrétọ̀ ni ènìyàn ń gbójú lé, jẹnẹrétọ̀ kì í sì í mu omi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ibodè ilẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo kankan tí ó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnu ààlà. Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Àwọn onífàyàwọ́ ni àṣẹ epo náà ń lé, n kò sì sọ pé fàyàwọ́ dára. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò mọ onífàyàwọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ ra lítà méjì láti fi ka ìwé ìdánwò. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni àrùn Kòrónà dé, tí gbogbo ayé sì ń sọ pé ojú kọ̀ǹpútà ni ilé-ìwé kù sí. Kì í kúkú ṣe pé iná kò lè dé ilẹ̀ Yewa. Ní Ìbèṣè, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote tí a ṣí ní ọdún 2012 ń pèsè iná tirẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò lè dúró de ìjọba. Akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpò wọn ni kò dọ́gba.

Ẹrù kejì ni ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà dé. Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò, fóònù rẹ̀ lè máa kí i káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè Benin, kí ó sì máa san owó ẹni tí ó rìnrìn àjò láìjẹ́ pé ó dìde níbi tí ó wà. Ìlà tí wọ́n fà ní Paris ní ọdún 1889 ti gòkè lọ sínú afẹ́fẹ́. Dátà fúnra rẹ̀ kò sì dín lówó: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ìjọba fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀. Ẹrù kẹta ni ohun-èlò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní ju fóònù kékeré lọ, ojú fóònù náà ni ó sì gbọ́dọ̀ ti ka ìwé tí ó tó igba ojú-ewé. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ kan wà tí ọjọ́ ìdánwò náà gan-an jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. NOUN kì í béèrè ìdánwò JAMB lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé; ohun rere ni, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìwọlé mìíràn wà tí a kò kọ sínú ìwé kankan: iná, fóònù, dátà àti owó ọkọ̀. Ojoojúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ibodè ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí ń ka máàkì rẹ̀. Ẹni tí JAMB dá padà mọ̀ pé ìdánwò ni ó dá òun padà. Ẹni tí iná àti dátà dá padà a máa rò pé ọ̀lẹ ni òun, pé òun kò ní ìfaradà, pé orí òun kò gba ìwé. Ilẹ̀kùn kò tì. Òun náà rí i pé kò tì. Kí ni yóò wá sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀? Ìrẹ́jẹ tí a lè tọ́ka sí ṣì ní àtúnṣe nínú; èyí tí ó bá fara hàn gẹ́gẹ́ bí àìlera ẹni tí a rẹ́ jẹ ni ó burú jù.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn wò, nítorí pé ìwé ni olùkọ́ níbi tí olùkọ́ kò bá sí. NOUN gbé púpọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá kò ṣe. Bí a ṣe tò wọ́n mọ́ ara wọn dára. A pín ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí ìsọ̀rí, a tún pín ìsọ̀rí sí ìpín kéékèèké. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìfáàrà, ó ní èròǹgbà, ó ní àlàyé, ó ní ìdánrawò, ó ní àkótán, ó sì parí pẹ̀lú orúkọ àwọn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà sí i. Ìbejì ni wọ́n jọ. Ẹni tí ó bá ti ka ọ̀kan mọ ọ̀nà nínú gbogbo wọn. Fún ẹni tí ó ń dá kàwé, ìtò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìparí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ka àwọn ìwé mìíràn. Níbo? Ilé ìkówèésí wo ni ó wà ní Ọjà-Ọ̀dàn tàbí ní Ìlárá tí yóò ti bá wọn pàdé? Ẹni tí ó kọ ìwé náà jókòó sí ọgbà, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé òǹkàwé rẹ̀ náà jókòó sí ọgbà. Ohun kejì ni ìdánrawò. Ìwé bi ni ní ìbéèrè, ó sì dákẹ́. Bí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ìdajì òótọ́, ta ni yóò sọ fún un pé ìdajì tí ó kù nìyí?

Àwọn ará Yewa kò ṣàì mọ bí a ti ń fi ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ọgbà. Òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kà mọ́ àwọn ogún pàtàkì aráyé ní ọdún 2001, jẹ́ ibi ẹ̀kọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹni tí ń gba owó ìwọlé ní gbàgede ọjà. Ọba ń gbọ́, alágbàro ń gbọ́, obìnrin ọlọ́jà ń gbọ́. Ẹ̀fẹ̀ a máa sọ ìtàn, a máa bá oníwà ìbàjẹ́ wí, a máa gbàdúrà fún ìlú. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ kì í dá kọrin. Bí kò bá sí àwọn tí ń gbè é, orin rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ìgbè náà ni ó sì fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun wọlé tàbí kò wọlé. N kò sọ pé kí a sọ yunifásítì di Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé àṣà wa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìgbè kò tíì di ẹ̀kọ́. Bí a bá mú ẹ̀kọ́ lọ sí òkèèrè, a gbọ́dọ̀ mú ìgbè rẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Àwọn tí a ti rí èrò náà kọ́ mọ èyí. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1969, ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 1971. Ohun tí ó gbajúmọ̀ jù nípa rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n BBC. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ó ní àwọn olùkọ́ káàkiri àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bá pàdé, nígbà náà ó máa ń kó wọn jọ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń fi àpótí ohun-èlò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ránṣẹ́ sílé wọn kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò lórí tábìlì ilé ìdáná. Yunifásítì náà kúrò ní ọgbà, ṣùgbọ́n ó ru púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ dání lọ bá akẹ́kọ̀ọ́. Ilé tí ó sì ń ru ú lọ ti ní iná tẹ́lẹ̀. Orúkọ náà ni a kọ́kọ́ mú. Púpọ̀ nínú ohun tí ó gbé orúkọ náà dúró ṣì wà lẹ́yìn.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ọgbà tí mo ń yìn kì í ṣe Párádísè. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, kò parí títí di oṣù Kejìlá. Ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni náà lè fi kún un pé olùkọ́ ilé-ìwé tí ó ní ọmọ mẹ́ta ní Ìmẹ̀kọ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ lo ọdún mẹ́rin ní Ìbàdàn, pé obìnrin tí ó ní ìsọ̀ ní ọjà Ìlaròó kò lè ti ìsọ̀ pa, pé bí kò bá sí ẹ̀kọ́ láti òkèèrè, kò sí ẹ̀kọ́ kankan mọ́ fún irú wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Nítorí pé òun nìkan ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ní ni kò fi yẹ kí a fi ẹrù dí i. A kò gbọdọ̀ sọ fún ẹni tí kò ní ju ọ̀nà kan lọ pé kí ó máa dúpẹ́ pé ọ̀nà wà, kí ó má sì bi wá ní ohun tí ó wà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rí sì wà nínú iṣẹ́ NOUN fúnra rẹ̀ pé ohun tí mo ń wí ṣe é ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé ibùdó ẹ̀kọ́ wọ inú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, ó sì yọ owó ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n ti di akẹ́kọ̀ọ́jáde níbẹ̀. Kí ni ó dé tí ẹni tí a tì mọ́lé fi rí ọ̀nà gbà? Nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń tan ara rẹ̀ jẹ nípa tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n kò lè ru ẹrù náà, nítorí náà ni a ṣe bá a rù ú. Ti ará ibodè ni kò hàn sí wa, nítorí pé a rí i tí ó ń rìn láìsí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ẹrù bá sì ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà iwájú, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ènìyàn yóò gbà. Ará Yewa mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń gba Ìdí-Ìrókò àti Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí àwọn yunifásítì ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo. Àwọn kan nínú wọn jókòó kàwé fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi han ayé bí òun ti gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kan ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí òun sì fi ìwé náà di àgùnbánirọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí gbogbo ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì dúró. Ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí ó rà á jọ bọ́ sínú kòtò kan náà. A bínú sí àwọn tí ń tajà ayédèrú, ó sì tọ́ kí a bínú. Ṣùgbọ́n ọjà kì í kún bí kò bá sí ẹni tí ń wá nǹkan rà. Ẹni tí ilé rẹ̀ há ni ó ń sùn sí òde.

Ìwé-ẹ̀rí NOUN pàápàá jẹ nínú ìyà yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó ka ìmọ̀ òfin níbẹ̀ kò rí àyè wọ Nigerian Law School, bẹ́ẹ̀ ni a kò gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ sí àárín àgùnbánirọ̀. Ìjọba kan náà tí ó ní kí wọ́n wá kàwé ni ó kọ̀ láti mọ ìwé tí wọ́n kà. Òfin ti ṣe àtúnṣe sí i, ṣùgbọ́n òfin kò lè yára yí ojú tí ayé fi ń wo nǹkan padà. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ gíga kò pé bí iyì ẹ̀kọ́ náà kò bá dọ́gba. Bí a bá ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọ̀kan fún ọmọ tálákà, tí a sì mọ̀ láti inú ìwé-ẹ̀rí ẹni ilẹ̀kùn tí ó gbà, a kò tíì ṣe ìdọ́gba kankan.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò ga ju wa lọ. Ìlaròó, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀. Bí olúkúlùkù wọn bá ní yàrá ìkàwé kan tí iná oòrùn ń tàn, tí ó ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ìwé tí NOUN kọ orúkọ wọn sí ìparí ìpín kọ̀ọ̀kan sì wà lórí àpótí rẹ̀, ìdajì ẹrù ti kúrò lórí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ tí ó lè gbè é wà nítòsí, ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Ìlaròó àti ní ọgbà Ayétòrò. Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọ̀sẹ̀ tó láti fi dáhùn ìbéèrè. Ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣí ojú-ewé ẹ̀kọ́ láìsan owó dátà. Kò sí ìdí tí a kò fi lè béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń jèrè láàárín wa. Rédíò wà, ó sì rọrùn lówó ju dátà lọ. Èdè Yorùbá náà wà: láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè rẹ̀ kọ́ kì í rẹ̀yìn. Bí ìwé bá tilẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé tí ó gbà á wọlé lè jẹ́ ní Yorùbá.

Owó ni gbogbo èyí yóò ná wa, n kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà kò ṣàì ti ń jáde báyìí. Láti inú ìsọ̀ obìnrin ọlọ́jà ni ó ti ń jáde, láti inú owó-oṣù olùkọ́ Ìmẹ̀kọ, láti inú oko bàbá àgbàlagbà kan tí ó ta ẹ̀gẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè ra dátà. Bí a bá pe ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ní ẹ̀kọ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ jẹ́ kí a máa sọ ẹni tí ó pọ́ọ́kú fún. Ìjọba ni ó pọ́ọ́kú fún. Títí di ọjọ́ tí a bá pín ẹrù náà bí ó ti yẹ, orúkọ tí a sọ yunifásítì náà yóò ṣì jẹ́ àdúrà ni. Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbàdúrà pé kí àlejò wọlé, òun náà ni ó yẹ kí ó sọ ẹrù àlejò kalẹ̀.